Àwọn Bàbá Ń Bọ̀

Nígbà tí mo fi dé ẹnubodè ìlú náà, ogun ti wọ oṣù kẹjọ, àwọn aṣọ́bodè ò sì mọ ẹ̀rín mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú igbá abẹ́rẹ́ mi wò. Ọ̀kan nínú wọn gbóòórùn òwú. Òmíràn fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka, ó wá ń wo ojú mi bóyá màá fòyà, kó lè mọ̀ bóyá májèlé wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà ń wò ó. Láti ìgbà tí mo ti di ọmọge ni mo ti ń ta abẹ́rẹ́. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó fẹnu fa ọwọ́ rẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọjà ló gbé mi dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni mo wá rí. Orí ẹní kan náà ni èmi àti Adúmáradán jọ sùn dàgbà, títí alágbẹ̀dẹ fi fẹ́ ẹ, tó sì mú un lọ sí ìlú òkèèrè tí wọ́n ti mọyì irin rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Bàbá Adúmáradán, ahunṣọ tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá, ló wá bá mi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ojú àwọn ti ń ṣú, àwọn ò sì fẹ́ kó ṣú tán kí àwọn tó rí ọmọ àwọn. Mo ní, "Bàbá, ogun wà níbẹ̀." Wọ́n ní, "Ogun ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Bí a ṣe dìde nìyẹn.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi rìn. Nígbà tí a dé odò tó wà níwájú ìlú náà, ẹsẹ̀ Bàbá ti wú bí ìrọ̀rí. Ọlọ́run ṣe é, a bá àwọn aláàárù ará ilé wa kan tí wọ́n pàgọ́ sí òdìkejì odò, tí wọ́n ń dúró de ẹrù iyọ̀. Mo fi Bàbá sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn kí Bàbá lè sùn, kí wọ́n sì kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi ṣíwájú, nítorí pé ìlú náà kì í gba àlejò tí kò bá ní onídùúró. Gbogbo ẹni tó wà nínú odi wọn ló mọ̀ pé àwọn ọ̀tá ti búra pé àwọn máa la odò náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa là á ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà ní ẹnubodè náà, yàrá kékeré kan sì wà láàárín wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ní kí n jókòó, lórí bẹ́ǹṣì kan tí ìdí àwọn àlejò ti jẹ sínú. Ọkùnrin kan jókòó sí ọ̀kánkán mi, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Káàbọ̀, ìwọ obìnrin. Mo gbọ́ èdè rẹ dáadáa. Èmi ni ogbufọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìdánwò. Mo mọ̀ lẹ́yìn náà pé ọdún méjì ló fi bá àwọn ará ilé wa ta okùn lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè wa. Etí-Ìlú ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà.

Alágbẹ̀dẹ, tí wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá ṣe onídùúró mi, wọlé tòun ti èédú lọ́wọ́. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Mo kúnlẹ̀, ó fà mí dìde.

"Alábẹ́rẹ́! Ṣé ojú mi ò tàn mí jẹ?"

"Ọkọ wa, èmi náà ni. Àlàyé pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára. Àwọn bàbá ń bọ̀ o. Mo fi wọ́n sílẹ̀ létí odò. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ni wọ́n ṣe ní káwọn sinmi níbẹ̀. Wọ́n ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn máa kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì."

Alágbẹ̀dẹ di orí mú. "Àwọn fúnra wọn? Lásìkò tí ìlú le báyìí?" Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí inú rẹ̀ sì dùn. "Kò burú. Má ṣèyọnu. Ta ló rọ àgádágodo ẹnubodè yìí bí kò ṣe èmi? Èmi fúnra mi ni màá ṣí i fún wọn."

Ogbufọ̀ rọra sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó sì bá ilẹ̀kùn inú jáde. Mo rò pé ó fún wa láyè ká lè kíra ni. Mo tiẹ̀ sọ nínú ọkàn mi pé ọmọlúàbí ni.

*

Òpópónà tí ilé wọn wà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn. Ìkòkò omi kan àti agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀ kan wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí ọfà oníná. Wọ́n ti fi bíríkì dí àwọn fèrèsé tó kọjú sí odi, amọ̀ ara wọn ò sì tíì gbẹ. Àwọn obìnrin ń ru òkúta lọ sórí odi, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láìsọ̀rọ̀. Mo kí ọ̀kan nínú wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Ó wò mí bíi pé mo tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn la ti bá Adúmáradán. Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí òkúta.

"Eyínfúnjowó," ó wí.

"Adúmáradán."

"Tún un pè."

Mo tún un pè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi aṣọ tútù náà bojú. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án rèé, kò sẹ́ni tó pe òun bẹ́ẹ̀. Ọkọ òun ò gbọdọ̀ pè é, nítorí orúkọ ọmọge ni, àwọn ará ibí ò sì lè pè é. Ìyàwó Irin ni wọ́n ń pe òun.

"O ti sanra," mo wí, kó má bàa sunkún.

"Irọ́ lo ń sọ yẹn. Ọkà wo la rí jẹ?"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣé kí n wá láti ọ̀nà jíjìn wá sọ fún ẹ pé o rù ni?"

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé lókè ilé àgbẹ̀dẹ, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń gbóná díẹ̀ látìsàlẹ̀ nítorí ẹwìrì. Ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀: ẹní, àpótí, ìkòkò mẹ́rin tí ó tò láti orí èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tò wọ́n. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ka ife fún wa, mo gbọ́ pé èdè ìlú náà ló ń fi kà á lábẹ́ ètè. Ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà jáde wá, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìwọ, ta ni ẹ́?"

Adúmáradán gbá a lẹ́nu pẹ́. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Èdè ibí ló bà á lẹ́nu jẹ́. Wọn ò ní 'ẹ' níbí, wọn ò ní 'wọn' fún àgbà. Ọ̀gágun wọn tí ilẹ̀ ń mì tìtì fún, 'ìwọ' ni ẹrú rẹ̀ ń pè é. Oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò lè la ẹnu. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ń bú gbogbo èèyàn."

"Bàbá á kọ́ ọ ní tirẹ̀ bí wọ́n bá dé," mo wí.

"Bàbá wo?"

Alágbẹ̀dẹ ló dá a lóhùn. Ife bọ́ lọ́wọ́ Adúmáradán, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ó béèrè ẹsẹ̀ wọn, ó béèrè ojú wọn, ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń hun aṣọ, kò dúró gba ìdáhùn kankan. Ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ìhín ni wọ́n máa sùn, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, ó máa dára fún ẹsẹ̀ wọn. Ó ń gbálẹ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó wọ bàtà, ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn ọmọ ogun ni. Ogbufọ̀ wà lẹ́yìn wọn, kò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ mọ́.

*

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ogun tí wọ́n kó èmi, Adúmáradán àti ọkọ rẹ̀ lọ gùn, àjà rẹ̀ kò sì ga. Wọ́n da yanrìn sórí tábìlì gbọọrọ kan, wọ́n fi ìka fa odò sínú rẹ̀, wọ́n wá fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe àwọn ọmọ ogun. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, díẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ rí sọ sí mi létí. Èyí tó kù, wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀gágun ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àpáta-Inú-Odò ni wọ́n fi ń kì í, nítorí pé omi gbogbo ń ṣàn, òun ò ṣí kúrò. Mo retí ẹni tó dẹ́rù bani. Bàbá kan ni mo rí tó tẹrí ba, tó ń fúnra rẹ̀ rán okùn bàtà tó já. Abẹ́rẹ́ aṣọ ló sì fi ń rán awọ. Mo mọ̀ pé ó máa kán.

"Tún un sọ," ó wí fún ogbufọ̀.

Ogbufọ̀ nà ró. "Obìnrin yìí sọ pé àwọn àgbà wọn ń bọ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀ létí odò. Ìrìn ti rẹ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń sinmi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n máa la odò kọjá. Ó bẹ alágbẹ̀dẹ pé kí wọ́n má bá ilẹ̀kùn ní títì. Alágbẹ̀dẹ ní òun lòun rọ àgádágodo, òun fúnra òun lòun máa ṣí i."

Mo ń wo ẹnu alágbẹ̀dẹ bó ṣe ń tú u fún mi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mi ò sọ.

"Mélòó ni wọ́n?" Ọ̀gágun béèrè.

"Kò sọ iye. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló pè wọ́n ní ọ̀pọ̀. Mo kà á."

Olórí tafàtafà, ọkùnrin gíga kan tí kò jókòó láti ìgbà tí a ti wọlé, ti òkúta mẹ́ta sétí odò inú yanrìn náà. "Ẹgbẹ́ ogun tí ẹsẹ̀ ń dùn, inú omi ló dára láti bá a. Fún mi ní ọgọ́jọ ọkùnrin. Inú eèsún la máa sùn. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, a ti parí rẹ̀."

"Bàbá ìyàwó mi ni," alágbẹ̀dẹ wí. "Bàbá arúgbó kan. Ahunṣọ ni."

"Ẹnì kan?"

"Ẹnì kan ṣoṣo."

"Ẹnì kan ṣoṣo wo ni wọ́n ń pè ní àwọn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ?"

"Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í ṣe ẹyọ. Ẹni tó bí ọ, ó ju ẹnì kan lọ."

Ọ̀gágun gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹnì kan péré ni bàbá tèmi," ó wí. "Ó sì kéré, pàápàá." Wọ́n rẹ́rìn-ín yí tábìlì ká. Ẹ̀rín náà bà mí lẹ́rù ju ìbínú lọ.

Alágbẹ̀dẹ gbé ọwọ́ lé irin tó wà lára ilẹ̀kùn, irin tí òun fúnra rẹ̀ rọ. "Mo fi irin búra, Àpáta-Inú-Odò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń rọ ọfà tí ẹ ń ta. Ilẹ̀kùn tí ẹ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo tì í fún yín. Bí mo bá dalẹ̀ ìlú yìí, kí irin má gbọ́ ọwọ́ mi mọ́ láé."

Ọ̀gágun wo ogbufọ̀. Ogbufọ̀ náà bọ́ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé irin kan náà. Ó búra pé ohun tí etí òun gbọ́ gan-an lòun sọ, òun ò fi kún un, òun ò yọ kúrò níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé kò purọ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Òpùrọ́, èèyàn lè bá a jà. Ẹni tó gbọ́ tí kò gbọ́, kí lèèyàn máa ṣe fún un?

Mo kúnlẹ̀. "Ọkọ wa, ẹ bá mi bi ọkùnrin yìí léèrè. Bó bá wá yáná nílé àgbẹ̀dẹ yín, kí ni ìyàwó yín máa ń sọ fún un?"

Ogbufọ̀ ò dúró kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. "'Ẹ káàbọ̀,'" ó wí lédè wa. "'Ẹ wọlé, ẹ jókòó.'"

"Ẹni mélòó ni yín nígbà náà?"

"Mo rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pe 'káàbọ̀' nìyẹn."

"Kí ló sọ?" Ọ̀gágun béèrè.

Ogbufọ̀ sọ ọ́ fún un, mo sì rí i pé kò gé e kúrú. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé "ẹ" yàtọ̀, "wọn" yàtọ̀, òun ò tíì gbọ́ "wọn" fún ẹyọ ènìyàn rí láàárín àwọn olókùn. Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn olókùn tí òun bá rìn kì í ṣe àgbà, ọ̀dọ́ bí òun náà ni gbogbo wọn, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kí n tó sọ ọ́, abẹ́rẹ́ kán mọ́ Ọ̀gágun lọ́wọ́. Ó wò ó. Ó na ọwọ́ sínú igbá mi tí wọ́n gbé sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣa abẹ́rẹ́ awọ kan, kò sì bi mí léèrè.

"Ọgọ́jọ tafàtafà máa lọ," ó wí, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Kí obìnrin méjèèjì bá wọn lọ, kí wọ́n jókòó níwájú. Ogbufọ̀ náà máa lọ, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé etí rẹ̀ la fi gbọ́. Alágbẹ̀dẹ wà níbí lọ́dọ̀ mi. Bó bá jẹ́ arúgbó kan ló bọ́ sínú omi, ẹ mú un wá, kí n rí ẹnì kan tó jẹ́ ọ̀pọ̀. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ ta wọ́n lọ́fà. Ẹ ta gbogbo wọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn obìnrin."

*

Ìdájì la ti wà nínú eèsún. Ilẹ̀ tutù, omi ń wọ aṣọ wa látìsàlẹ̀. Ọmọ ogun kan jókòó sẹ́yìn wa pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Wọ́n ti ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sókè, ọ̀kọ̀ ló máa dá a lóhùn. Ìkùukùu bo odò náà bí òwú tí ẹnì kan ń gbọ̀n, mo sì ń rò ó pé ká ní kì í ṣe ogun ni, ibẹ̀ ì bá jẹ́ ibi tó rẹwà jù tí mo dé rí.

"Ẹ̀bùn tó o gbé wá fún mi nìyí," Adúmáradán sọ lábẹ́ èémí.

"Mo mọ̀."

"Ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀bùn wo ni mi ò ní gbà? Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ì bá tó."

"Bú mi dáadáa. Ó tọ́ sí mi."

Kò bú mi mọ́. Ó fa ọwọ́ mi sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó dì í mú.

Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Òdìkejì odò yọ jáde díẹ̀díẹ̀: iyanrìn, ọkọ̀ fífọ́ kan, ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti àgọ́. Mo ń wo ọ̀nà yẹn. Mo ti rí i lọ́kàn mi ní gbogbo òru, Bàbá nìkan lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

Ẹnì kan yọ. Bàbá ni. Wọ́n ń tiro. Ẹlòmíràn yọ lẹ́yìn wọn, òmíràn tún yọ. Mo ka mẹ́ta, mo ka mẹ́fà. Àwọn aláàárù ni, mọ́kànlá, olúkúlùkù tòun ti ọ̀pá ẹrù gígùn léjìká, ọ̀pá náà sì ṣe gẹ́lẹ́ bí ọ̀kọ̀ nínú ìkùukùu.

Àwọn aláàárù ń sin Bàbá wá sétí odò ni. Ọmọ ilé wa wo ló máa jẹ́ kí àgbà tó sùn lọ́dọ̀ òun dá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, síbẹ̀ n ò rántí rẹ̀ níwájú Ọ̀gágun.

Olórí tafàtafà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Mo gbọ́ tí ọrun ọgọ́jọ fà lẹ́ẹ̀kan náà, ó dún bí ẹni tó jókòó sórí ẹní gbígbẹ. Ìgbà tí ọwọ́ yẹn bá wálẹ̀, ó parí. Èékánná Adúmáradán wọ inú ẹran ara mi.

Omi máa ń gbé ohùn. Ohùn wọn dé ọ̀dọ̀ wa kedere.

"Ẹ rọra o. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀."

"Ẹ di ọ̀pá yín mú dáadáa."

"Ẹ bá wa kí wọn nílé o. Ẹ sọ fún wọn pé a máa wá."

"Bí omi bá fẹ́ gbé yín, ẹ pè wá."

Ogbufọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olórí tafàtafà, kò jìnnà sí mi. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ó ń wò ó. Ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ náà sí, ó ń wá a. Mọ́kànlá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ojú wọn wà lára arúgbó kan. "Ẹ," ni wọ́n ń wí, "ẹ, yín, ẹ." Ojú ogbufọ̀ yí padà bíi ti ẹni tó jí nínú yàrá tí kò mọ̀.

Ó gbá ọwọ́ olórí tafàtafà mú sókè níbi tó wà.

Ẹni bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ogun, pípa ni wọ́n ń pa á. Olórí tafàtafà wò ó bíi pé kò tíì rí i rí.

"Ẹnì kan ni," ogbufọ̀ wí.

"Ojú mi ń rí méjìlá."

"Mọ́kànlá ló ń sin ẹnì kan. Èmi ni mo ṣì í gbọ́. Dúró kí omi dé orúnkún rẹ̀. Bí ẹnì kejì bá bọ́ sínú omi, ọrùn mi rèé."

Bàbá ti ki ọ̀pá bọ omi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọ̀ ọ́, wọ́n gbé èkejì. Òkúta yọ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn aláàárù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀, fò sọ̀ kalẹ̀ kó lè gbá wọn mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọnú omi.

Ogbufọ̀ di ojú rẹ̀. Ọmọ ogun tó wà lẹ́yìn wa gbé ọ̀kọ̀ kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sí ẹ̀yìn ọrùn mi.

"O ò gbọ́ ni?" Bàbá wí. Ohùn tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí òfì ni. "Mo ní kó o padà. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo jọ lójú ẹ ni? Yọ ẹsẹ̀ ẹ kúrò nínú omi mi."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ orí lẹ́bẹ. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ."

Ọwọ́ olórí tafàtafà ṣì wà lókè. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka orí.

N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Bàbá dúró láàárín odò láti sinmi, ó dà bíi pé gbogbo ìlú dúró pẹ̀lú wọn. Omi dé ìbàdí wọn, ó tún sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n ń bá odò náà sọ̀rọ̀, wọ́n ń bú u díẹ̀díẹ̀. Ní òdìkejì, àwọn aláàárù tò sí etí iyanrìn, wọn ò kúrò, ẹnikẹ́ni ò sì bọ́ sínú omi. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kan ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ olórí tafàtafà wálẹ̀ ní jẹ́jẹ́, kì í ṣe bí ẹni tó pàṣẹ kí wọ́n ta ọfà. Okùn ọrun dẹ̀ káàkiri inú eèsún.

Àwọn tafàtafà dìde. Ọgọ́jọ ọkùnrin yọ lójijì nínú koríko bí ọkà tí oòrùn fà jáde. Bàbá dúró, omi ń kán lára wọn. Wọ́n fún ojú wọn pọ̀, ojú tó ti ń ṣú, wọ́n wò wọ́n láti apá kan dé apá kejì. Wọ́n rí ọmọ wọn tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tí kò lè gbé orí.

"Ìwọ nìyẹn?" Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ṣé gbogbo èèyàn wọ̀nyí lo kó wá pàdé mi?"

Bàbá gbé ọwọ́ kejì sókè sí gbogbo ibi tí wọ́n rò pé ojú wà.

"Ẹ kú ìdúró o," ni Bàbá wí. "Ẹ mà kú ìnira."

"Kí ló sọ?" olórí tafàtafà béèrè.

Òógùn ń ṣàn lójú ogbufọ̀ nínú òtútù yẹn.

"Ó ń kí èèyàn ni."

"Ta ló ń kí?"

"N ò mọ̀. Ó lè jẹ́ gbogbo wa. Ó lè jẹ́ ìwọ nìkan."

Olórí tafàtafà yọ okùn ọrun rẹ̀, ó ká a sọ́wọ́.

"Dá a lóhùn," ó wí.

Ogbufọ̀ bọ́ síwájú nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí, ó ń rọra pe ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sí ẹnì kan ṣoṣo.